Owó Oṣù Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù: Ẹ Jẹ́ Ká Bá Ara Wa Sọ Òótọ́ Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ṣùgbọ́n ó lè ta àwọn kan nínú wa lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dópin. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ ẹ̀ kà á sí i létí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ di 70,000 náírà. 30,000 náírà ló wà tẹ́lẹ̀ láti ọdún 2019. Kó tó di ìgbà yẹn, 18,000 ni, láti ọdún 2011. Inú wa dùn nínú ọjà. A ní kọ́sítọ́mà á tún rówó ná. A ní àwọn tíṣà tí wọ́n ti ń fi ojú ra ọjà á tún fi owó rà á.

Ọ̀kan nínú wa jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, àwa tó yí i ká ń dá sí i. Ni ọmọbìnrin tó ń bá a tajà bá gbórí sókè níbi tó ti ń ká aṣọ, ó ní, "Mọ́mì, èmi ńkọ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ìwọ náà lọ bá Tinúbú kó san tìẹ." A tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí a ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́. Ọmọ náà béèrè ọ̀rọ̀ gidi, àwa tí a jẹ́ àgbà ò dá a lóhùn. Ìdáhùn yẹn la wá mú wá síbí.

OWÓ ÒṢÌṢẸ́, OWÓ ỌJÀ

Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ò kan obìnrin ọjà. Ohun tó bá ojú á bá imú. Lọ́dún 2015, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ìjọba àpapọ̀ fi gbé ètò ìrànwọ́ owó kalẹ̀ fún wọn ní oṣù keje, ṣé òṣìṣẹ́ nìkan lebi pa ni? Ìwé àwìn wa kún dẹ́nu. Ẹlòmíì nínú wa ò rí gbèsè yẹn gbà títí dòní.

Àwọn ìyá wa tó ṣáájú ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ká tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà ogun Hitler, ìjọba àwọn òyìnbó fi agbára dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta oúnjẹ ní Èkó, gàrí wà nínú ẹ̀. Pullen lorúkọ òyìnbó tó wà nídìí ètò náà. Ìyá Alímọ́tù Pẹlẹwúrà, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ní àwọn ò gbà. Lọ́dún 1945 kan náà, nígbà tí ètò Pullen ń kógbá sílé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, wọ́n ní owó oúnjẹ ti ju owó iṣẹ́ lọ. Wọ́n fẹ́ kí owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lọ di ṣílè méjì ààbọ̀. Ó lé lóṣù kan tí wọn ò fi ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin ọjà dúró tì wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun kan náà làwọn méjèèjì ń gbà jẹun.

Nítorí náà, bí a ti ń bá òṣìṣẹ́ kígbe sí ìjọba pé kó san owó tó tó, a ò ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Kí ló wà lọ́rùn tiwa?

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2024, yọ àwọn kan sílẹ̀. Ó yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ó yọ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ odidi ọjọ́. Ó yọ ẹni tí à ń san owó fún lórí iye ọjà tó bá tà tàbí iye iṣẹ́ tó bá parí. Ó yọ òṣìṣẹ́ àsìkò, bí irú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko.

Ẹ wá bá wa ka ọjà wa. Ìsọ̀ wo ló ní èèyàn 25? Èyí tó pọ̀ jù láàárín wa ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Alábàárù ń gba owó lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń kiri ń gba owó lórí ohun tó bá tà. Ká má tan ara wa, òfin yẹn gba iwájú ọjà wa kọjá, kò yà. Ìyẹn ni pé kò sí ọlọ́pàá tó máa mú wa tí a ò bá san 70,000. Ṣùgbọ́n pé òfin ò mú èèyàn, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tó dáa.

Òfin mìíràn tún wà tí a kì í sábà gbọ́ lórí rédíò. Òfin Iṣẹ́ ni, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Labour Act. Ìyẹn ò béèrè bóyá òṣìṣẹ́ ẹni tó 25. Bó ṣe ẹnu lásán la fi bá èèyàn ṣàdéhùn iṣẹ́, ó kà á sí àdéhùn. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó sọ:

Kó tó pé oṣù mẹ́ta tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó ẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n á máa san án. Owó ni kí wọ́n fi san án, kì í ṣe ẹrù. Nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tó fi sinmi. Tó bá ti lo ọdún kan, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà láti fi gba ìsinmi, owó ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dín. Tó bá ti lé lóṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, a ò kàn lè lé e lọ lójijì láìṣe pé ó hùwà tó burú, ó kéré tán ká sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Èyí tó wá gbẹ̀yìn yìí ló kàn wá jù: a ò gbọ́dọ̀ dá yọ owó ọjà tó sọnù nínú owó oṣù ẹ̀. Kódà tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni, tàbí àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Mélòó nínú wa ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ má dáhùn síta.

Àwọn kan á ní, "Ọmọ àbúrò mi ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́." Òótọ́ ni, òfin yẹn ò ka ẹbí ẹni mọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé tiẹ̀ tún wúwo jù. Ìyá ọmọ ló fà á lé wa lọ́wọ́. Ọlọ́run ló máa bi wá léèrè tiẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Oníṣòwò ni wá, ẹ jẹ́ ká fi owó sọ̀rọ̀. 70,000 náírà lóṣù, tí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, kò ju nǹkan bíi 2,690 náírà lóòjọ́ lọ. Ká wá ní ọmọ kan ń gba 25,000 lóṣù. 961 náírà ni iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀. Ká ní ó ń wọ ọkọ̀ 300 wá, ó ń wọ 300 padà. 15,600 nìyẹn lóṣù kan. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ 9,400 náírà. Agogo méje àárọ̀ ló dé, agogo méje alẹ́ ló ń tilẹ̀kùn. Inú 9,400 yẹn ni kó ti jẹun, kó ti ra ọṣẹ, kó ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀.

Tó bá wá di pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bu owó mú, a ó ní ayé ti bàjẹ́, ọmọ ìsinsìnyí ò níwà. A ò gbè sẹ́yìn olè o. Olè, olè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́ ìdí àgbàdo, tí kò fún un lóúnjẹ, kó má ṣe bí ẹni pé ẹnu yà á.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ láàárín wa. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Èkíní: ọ̀kan nínú wa ka ọjà ẹ̀, ó rí i pé ó dín ní 18,000 náírà. Ó ní ọmọ tó ń bá òun tajà ló jẹ ẹ́. Ọmọ sunkún, ó búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Oṣù mẹ́ta ni ìyá fi yọ owó náà nínú owó ẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta parí, ọmọ náà kó aṣọ ẹ̀, ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, oníbàárà kan dé láti ìrìn àjò, ó ní, "Ẹ má bínú, mo pẹ́ kí n tó san owó ọjà tí ẹ gbé fún mi yẹn." 18,000 náírà gééré ni. Ìyá fúnra ẹ̀ ló gbé ọjà náà láwìn, ó gbàgbé, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ọmọ náà títí kó lè bẹ̀ ẹ́, kó dá owó ẹ̀ padà, kò rí i. Fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Òun gan-an ló ní ká fi í ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹlòmíì fi kọ́gbọ́n. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Èkejì: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan wà tí wọ́n ní ọdún mẹ́ta ló máa fi sìn kó tó gba fríídọ̀mù. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ọ̀gá ní ó ku ọdún kan nítorí oṣù tó fi ṣàìsàn. Nígbà tí ìyẹn pé, ọ̀gá ní òun ń wá owó tí òun máa fi dá a sílẹ̀. Ọmọ náà ti di ẹni ọdún 26, gbogbo kọ́sítọ́mà mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò ní kọ́bọ̀ tiẹ̀. Àwọn àgbà ọjà ló parí ẹ̀, ọ̀gá sì ṣe ohun tó yẹ. Ṣùgbọ́n ká ní ìwé wà nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ni ìbá dé ìjókòó àgbà?

ÀWA NÁÀ, ARA Ò RỌ̀ WÁ

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ máa ní, "Ọjà ò tà. Níbo la ti fẹ́ rí i san?" Ẹ ò parọ́. Àwa tó ń kọ èyí náà wà nínú ọjà.

Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó pè wá ká tó gbọ́ ọ. Ẹni tó ti sanwó ọjà, tí ọjà wà lọ́nà, ó kù sí i lọ́wọ́. Oṣù kejìlá, ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, Sẹ̀mẹ̀ wà nínú mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ìdí-Ìrókò ò ṣí àfi oṣù kẹrin, ọdún 2022. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó bébà wọ́n bí ojú, a ń fi owó ra owó. Kò pẹ́, ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà di èyí tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ tí a fi ń kó ọjà bá a gòkè.

Gbogbo ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nígbà tí ọwọ́ ń há yẹn, kí la kọ́kọ́ gé? Onílé ò gbà ká gé owó ṣọ́ọ̀bù. Onítíkẹ́ẹ̀tì ò gbà. Alájọ ò gbà. Ọmọ tó ń bá wa tajà nìkan ni kò lè bá wa jà, òun la wá gé tiẹ̀. Ohun tí à ń sọ pé ìjọba ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn: ẹni tí apá ẹ̀ ò ká nǹkan ni wọ́n máa ń gbé ẹrù lé lórí. Ìwà tí a kórìíra lọ́wọ́ ẹni tó jù wá lọ, kò yẹ ká máa fi hàn sí ẹni tí a jù lọ.

Èrè tún wà nínú ẹ̀ fún wa o. Ọmọ tó mọ ọjà, tó mọ orúkọ oníbàárà, tó mọ ẹni tí à ń ta àwìn fún àti ẹni tí a kì í tà á fún, owó ńlá ni. Tó bá lọ, ó kó ìmọ̀ yẹn lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíì. A ó tún gba tuntun, a ó tún fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ ti bá ibòmíì lọ.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ FÚN ẸGBẸ́

A kò ní kí gbogbo èèyàn máa san 70,000 lọ́la. Ẹni tó ń ta ata lórí tábìlì àti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù léèsì mẹ́ta, agbára wọn ò dọ́gba. Ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé gbé yẹ̀wò nìyí:

1. Kí ẹgbẹ́ tẹ ìwé àdéhùn ojú ewé kan, lédè Yorùbá, tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ máa jọ fọwọ́ sí. Iye owó, ọjọ́ ìsanwó, ọjọ́ ìsinmi, ẹni tó ń san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

2. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, aláṣọ, aláta, oníbàtà, oníṣòwò ohun èlò ilé, jókòó, kí wọ́n dá iye tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́dọ̀ san kéré sí fún àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ odidi ọjọ́. Èrò tiwa ni pé kó má ṣe kéré sí ìdajì owó ìjọba, ìyẹn 35,000, kí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán wà lọ́tọ̀. Kí wọ́n sì máa tún un wò lọ́dọọdún títí a ó fi bá ti ìjọba.

3. Kí a máa ka ọjà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ọ̀gá àti ọmọ jọ fọwọ́ sí i. Kí ọ̀gá náà máa kọ àwìn tó bá tà. Tí ọjà bá dín, kí a gbé e wá síwájú èèyàn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ yàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú yọ owó ọmọ ọlọ́mọ.

4. Kí ọjọ́ fríídọ̀mù ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà nínú ìwé láti ọjọ́ tó bá dé. Owó tí a máa fi dá a sílẹ̀, kí a má dúró dìgbà tó bá fẹ́ lọ. Tí a bá ń dá 200 náírà lóòjọ́ fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù, láàárín ọdún mẹ́ta ó ti di 187,200 náírà. Ilé ìfowópamọ́ tàbí kóńpẹ́rétíìfù ni kó wà, lórúkọ ọmọ náà.

5. Ọmọ tó yẹ kó wà níléèwé, kó má ṣe jókòó sí ìsọ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Láti ọdún 2004 ni òfin ti sọ pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Tó bá jáde iléèwé, kó wá bá wa.

OHUN TÍ A FẸ́ LỌ́WỌ́ ÌJỌBA

Tí a bá ti tún ilé wa ṣe, ẹnu wa á gba ọ̀rọ̀ níta. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 37 tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní oṣù kìíní, ọdún 2024 lórí owó oṣù, àwọn aṣojú ìjọba, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló jókòó síbẹ̀. Òfin tuntun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún owó náà wò, ọdún 2027 lèyí tó kàn yẹ kó bọ́ sí. A fẹ́ àga fún obìnrin ọjà níbẹ̀. Àwa náà ń gba èèyàn síṣẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, méjì.

Èkejì, kí ìjọba má máa fi òru yí òfin ọjà padà. Tí wọ́n bá fẹ́ ti ẹnubodè, tí wọ́n bá fẹ́ gbé owó orí ọjà sókè, kí wọ́n fún wa lóṣù mélòó kan, ká lè ta ohun tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń pèsè iṣẹ́, NDE, ti ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Òwò títà náà, iṣẹ́ ni. Kí wọ́n fi ọjà kún un, kí ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọjà rírà, ọjà títà àti ìwé owó ṣíṣe lọ́dọ̀ wa gba sàtífíkéètì tí báńkì máa gbà.

Ẹ̀kẹrin, nígbà TraderMoni lọ́dún 2018, 10,000 náírà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún oníṣòwò. Owó yẹn ò lè ra ohun púpọ̀. Tí ètò ẹ̀yáwó mìíràn bá dé, kí wọ́n fi ti ẹni tó ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ẹ̀ ṣáájú, kí owó náà sì tó ohun tí èèyàn lè fi gba ọmọ kan kún ọmọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí kálukú wá pẹ̀lú iye tó ń san báyìí àti iye tó rò pé òun lè san. Ẹ má tijú. A ò ní ka orúkọ, a kàn fẹ́ mọ ibi tí a dúró sí ni.

Ọmọbìnrin tó béèrè pé "Èmi ńkọ́?" ṣì wà nínú ọjà wa, ó ṣì ń ká aṣọ. Kó tó di pé ìjọba dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń rí i láràárọ̀ dá a lóhùn.

Ajé á wá o. Ọjà á tà. Ẹni tó ń bá wa tà á náà á jẹ nínú ẹ̀.